Lẹ́tà Ẹlẹ́gùn-ún Tó Pa Mí sí Ayétòrò

Ẹgbẹ̀rin náírà ni wọ́n ń ta ẹ̀ya ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní Ìlárá lọ́jọ́ Ọjọ́rú tí mò ń sọ yìí. Ẹgbẹ̀rin, kì í ṣe ọ̀fẹ́! Torí náà, nígbà tí Ìyá Bọ̀sẹ̀ tó ń tà á kó odidi ẹ̀ya méjì lé mi lọ́wọ́, tó ní kí n máa gbé e lọ, pé òun ò gbowó, ó yẹ kí n ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Mo mọ̀ pé ìròyìn náà ti dé etí àwọn kan nínú yín. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tó kú gan-an ló ti dùn-ún gbọ́.

Ìyá Bọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tó jẹ́ fún yín. Kì í fi ẹyọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣe èènì fún aláboyún. Òun ló wá ń ta mí lọ́rẹ! Kò sì wo ojú mi rárá. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò, bíi pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó kanlẹ̀. Mo bi í pé ṣé bàtà mi ló wù ú ni. Ó kàn ní kí n máa lọ ire, kí n má bínú sí òun, pé òun ò ṣẹ̀ mí rí láyé.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti bọ́ sí ìjọ tuntun ni. Mo bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ, mo wọ mọ́tò.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí: èmi ni Ìyá Ẹlẹ́pà, Mùlíkátù lorúkọ mi. Ẹ̀pà ni mò ń tà ní Ìlaròó, ó ti lé ní ogún ọdún. Kétu, ní òdìkejì bọ́dà, ni mo ti ń rà á. Prámárì mẹ́ta ni mo kà, kí bàbá mi tó ní ilé kéwú ti tó fún obìnrin. Mo mọ owó kà dáadáa. Ìwé ni mo máa ń fojú pa rẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo rí ṣọ́ọ̀bù tuntun gbà, ó sún mọ́ gáréèjì, ó ní ilẹ̀kùn onírin. Inú mi dùn. Mo wá rò ó pé, àwọn oníbàárà mi láti Ayétòrò títí dé Ìlárá, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé mi ò sí níbi àtijọ́ mọ́? Mo ní kí n tẹ pósítà, kí fọ́tò mi wà láàárín.

Mo gba ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Káyọ̀dé lọ. Ó ń tẹ̀wé nítòsí Pólì, ó mọ kọ̀ǹpútà lò bíi ẹni tó bí i. Ó ní irú lẹ́tà wo ni mo fẹ́. Mo ní ṣé lẹ́tà ní irú ni? Ó ní ẹ wá wò ó.

Háà! Lẹ́tà wà láyé o! Èyí tó rí róbótó bíi ọmọ tó yó wà níbẹ̀. Èyí tó fẹ̀gbẹ́ kan bíi ọ̀mùtí wà níbẹ̀. Èyí tó tín-ín-rín bíi ẹni tó ń ṣàìsàn náà wà níbẹ̀. Mò ń wò wọ́n, wọn ò wù mí. Àfìgbà tí ọ̀kan yọ.

Ó dúdú. Ó nípọn. Gbogbo igun ara rẹ̀ ló mú bíi ẹ̀gún ọsàn. Kò sí ibi tó ti yípo: níbi tó yẹ kó ti yípo, ńṣe ló ṣẹ́ kán bíi igi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, irun tín-ín-rín kan á wá so ó mọ́ èkejì rẹ̀. Àwọn lẹ́tà ńlá inú rẹ̀ wá ń ṣe fùjà, wọ́n ń fa ìrù nílẹ̀. Ẹ mọ ohun tó rán mi létí? Ọwọ́ àlùfáà wa ní ilé kéwú, nígbà tó bá fi kálámù tó gé lẹ́nu kọ̀wé sára wàláà: ibi kan á fẹ̀, ibi kan á tín-ín-rín. Ọkàn mi fà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀.

Káyọ̀dé ní Ólúdì Íńgílíṣì lorúkọ lẹ́tà náà. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì tó ti gbó? Èyí tó ṣì tutù ni kò yé mi, àgbà rẹ̀ ló wá kù!

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ló ń fi ọwọ́ kọ ìwé mímọ́ wọn bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rọ tó dé. Ó ní títí dòní, òun ni wọ́n fi ń kọ àkọlé sàtífíkéètì, òun ni àwọn ìwé ìròyìn kan fi ń kọ orúkọ ara wọn, òun ni lọ́yà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé ilẹ̀. Pé ohun tó bá ní ọlá, tó sì ní ẹ̀rù, òun ló máa ń wọ̀ bí aṣọ.

Mo ní aṣọ mi nìyẹn. Ẹ bá mi wọ̀ ọ́.

Ó wá wúkọ́. Ó ní, “Ṣùgbọ́n Ìyá, níbí wa níbí, ohun tí wọ́n ń fi í ṣe jù ni…”

Ṣé mo jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀? Èmi! Mo ní ṣé owó mi ló rùn ni.

Ó tún ní kí n má jẹ́ kí òun fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo rẹ̀. Ó ní lẹ́tà ńlá ẹlẹ́gùn-ún kì í dúró tira wọn, ẹyọ kan ló máa ń ṣáájú, kí àwọn kéékèèké tẹ̀lé e. Tí wọ́n bá jẹ́ ńlá gbogbo, wọ́n á máa gún ara wọn, ojú ò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ní ńlá ni mo fẹ́, èmi ò kéré. Ó ní lẹ́tà náà ò mọ àmì orí, kò sì mọ àmì ìsàlẹ̀. Mo ní ta ló ń wá àmì? Ó ní aláwọ̀ dúdú àti funfun lowó rẹ̀ fúyẹ́ jù. Mo ní ẹ ṣe é ní dúdú.

Ọ̀rọ̀ wá ku ohun tí a máa kọ. Mo ní kó kọ ọ́ pé Ìyá Ẹlẹ́pà ti pa ipò dà sí ṣọ́ọ̀bù tuntun. Ó wọn ojú ìwé wò, ó ní “pa ipò dà” gùn jù lókè yẹn, òun á so ó pọ̀. Mo ní kó so ó.

Ẹ ti rí i, àbí? Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín mi. Èmi ò rí i! Pa ipò dà, lójú èmi, ká kó ẹrù kúrò níbìkan bọ́ síbòmíràn ni. Ṣùgbọ́n papòdà! Papòdà ni wọ́n máa ń sọ nípa àgbà Mùsùlùmí tó ti kú, tí wọn ò fẹ́ là á mọ́lẹ̀ pé ó kú.

Báyìí la ṣe tẹ ọgọ́rùn-ún pósítà jáde. Lókè, gàdàgbà gàdàgbà, IYA ELEPA PAPODA. Láàárín, fọ́tò mi tí mo ká ọwọ́ lé ẹsẹ̀, tí mi ò rẹ́rìn-ín, torí èèyàn gidi kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Nísàlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tuntun, nínú àwọn ẹ̀gún kéékèèké kan tí kòkòrò ò lè kà. Káyọ̀dé ní òun á fún àwọn dírẹ́bà kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà títí dé Ìlárá. Mo dúpẹ́. Ní ọjọ́ kejì, mo kọjá sí Kétu.

Ọjọ́ méjì ni mo fẹ́ lò. Òjò dé, ẹ̀pà ò gbẹ. Mo lo ọjọ́ mẹ́jọ. Fóònù mi ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́hùn-ún, owó ìpè láti òdìkejì bọ́dà sì wọ́n, ta ni mo fẹ́ yá fóònù lọ́wọ́ rẹ̀? Mo jókòó, mò ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀pà. Mo sanra díẹ̀ pàápàá.

Ọjọ́ kẹjọ yẹn ni mo ń bọ̀ tí Ìyá Bọ̀sẹ̀ ta mí lọ́rẹ.

Nínú mọ́tò, bàbá àgbàlagbà kan tó dé fìlà ìmọ̀le jókòó tì mí. Ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan. Ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí ka Áyátúlù Kúrúsíyù, èyí tí wọ́n fi ń lé ànjọ̀nnú, lábẹ́nu. Èmi náà ń bá a ṣe Àmín sókè! Bí mo bá ṣe ń ṣe Àmín tó ni òógùn ń bò ó tó. Nígbà tó yá, ó ní dírẹ́bà kó sọ òun kalẹ̀. Dírẹ́bà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìgbẹ́ lásán ni, kò sí ilé, kò sí oko. Bàbá ní ibẹ̀ lòun ń lọ. Ó bọ́ọ́lẹ̀, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú báàgì rẹ̀, kò yí ojú padà títí a fi kọjá.

Ẹ̀rín mi ò pọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

A dé gáréèjì Ayétòrò. Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí ni Ìyá Bàṣírà, ẹlẹ́pà bíi tèmi. Ọdún mẹ́rin la ò kí ara wa, lórí ọ̀rọ̀ kọ́ńgò tí a fi ń wọn ẹ̀pà. Mo ti ń ṣètò ẹnu mi sílẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n obìnrin náà rí mi, ó kúnlẹ̀! Láàárín gáréèjì!

Ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní, “Mùlíkátù, dákun. Níbi tí wọ́n bá ti ń bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, má dárúkọ mi. Ọ̀rọ̀ kọ́ńgò yẹn, èmi ni mo jẹ̀bi. Mo lu ìdí rẹ̀ wọnú.”

Ó jẹ́wọ́! Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin! Kí n jó ni, kí n yọ̀ ni? Ṣùgbọ́n “lọ́hùn-ún” yẹn há mi létí. Mo ní lọ́hùn-ún níbo? Ó na ìka sí ògiri.

Pósítà mẹ́ta ló wà lára ògiri náà. Àkọ́kọ́, bàbá àgbẹ̀ kan tó kú ní bí oṣù kan sẹ́yìn. Ìkẹta, ìyá ìjọ kan tí gbogbo Ayétòrò mọ̀ pé wọ́n ti sin. Èmi ló wà láàárín wọn. Lẹ́tà kan náà. Ẹ̀gún kan náà. Dúdú kan náà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká ọwọ́ lé ẹsẹ̀, à ń wo ọjà.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mi ò jẹ́ kí Káyọ̀dé parí tó parí ara rẹ̀ lójú mi. Níbí wa níbí, ìkéde òkú ni wọ́n ń fi í ṣe jù! Ta ló tiẹ̀ ń kà á? Èèyàn á rí fọ́tò, á rí ẹ̀gún, ó ti mọ̀. Ẹni tó bá wá fi agídí kà á, PAPODA nìkan ló máa rí kà.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò wádìí. Àwọn ẹbí mi wádìí! Wọ́n pe fóònù mi, kò lọ. Ọmọ mi kan ṣoṣo wà ní Kánò, wọn ò sọ fún un, torí a kì í tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní kó máa bọ̀ nílé, pé ara ẹnìkan ò yá díẹ̀; ó ní òpin oṣù lòun á ráyè wá. Mùsùlùmí ni mí, wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ tí a bá kú náà ni wọ́n ń sin wá, torí náà kò sí òkú tí ẹnikẹ́ni á ní kí wọ́n fi han òun. Òbí kì í sì í lọ wo sàréè ọmọ. Bí wọ́n bá pàdé ará Ìlaròó, wọ́n á ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹni yẹn náà ti rí pósítà, á ní Ọlọ́run á fi Alújánnà kẹ́ wọn. Ó parí! Àwọn méjèèjì ti jẹ́rìí síra wọn, kò sí ẹni tó pe ikú lórúkọ.

Ìyá Bàṣírà fọwọ́ kan apá mi, ó rí i pé ó le. Ó sunkún, ó wá rántí nǹkan, ó gbá àyà mú. Ó ní àwọn ará Ìjoun kọjá lánàá pẹ̀lú ewúrẹ́. Ó ní òní ni fídáù ọjọ́ kẹjọ mi. Ó ní Màmá ò jẹun láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún un.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ kọ́ńgò.

Màmá mi ń gbé Ìjoun, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà. Ọmọ mẹ́rin ló bí kí n tó dé, ó sin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mùlíkátù lorúkọ tí àlùfáà sọ mí. Orúkọ tí Màmá ń pè mí láti ìgbà tí mo ti dáyé, Málọmọ́ ni. Má. Lọ. Mọ́. Òun ni wọ́n wá lọ sọ fún pé mo lọ.

Mo gba fóònù Ìyá Bàṣírà, mo pe Ẹ̀gbọ́n Ràṣídì, ọmọ bàbá mi, tó wà nílé pẹ̀lú Màmá. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, èmi Mùlíkátù ni, mi ò kú o, ẹ bá mi sọ fún Màmá…” Mo gbọ́ “Láà iláhà…”, mo gbọ́ ìró fóònù tó balẹ̀. A tún pè é. Wọ́n ti pa fóònù.

Ta ló máa gbé ìpè òkú?

Mo gun ọ̀kadà. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti ṣú, ẹ̀gẹ́ nínú oko lápá ọ̀tún lápá òsì ò mira. Ní gbogbo oríta ni ojú mi ti ń wò mí. Lára igi. Lára ilé ìwé. Lára ògiri ibi tí wọ́n ti ń lọ gàárì. Àwọn dírẹ́bà yẹn ṣiṣẹ́ wọn o, kí n má parọ́! Ọlọ́kadà náà rí àkọ́kọ́, ó rí èkejì. Nígbà tó dé ìkẹta, ó wo dígí rẹ̀, ó wò mí, ó dẹwọ́ ìrìn.

Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìbejì ni yín?”

Bí mo bá sọ òótọ́, inú igbó ló máa jù mí sí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìkejì mi ni. Ó ní háà, Ọlọ́run á tù yín nínú. Mo ní Àmín. Èmi ni mo ń kẹ́dùn ara mi lẹ́yìn ọ̀kadà!

A dé ojúlé wa. Ẹní ti wà nílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn àlùfáà márùn-ún jókòó, ìkòkò ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́ ń hó lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ń ka kéwú lọ ní mẹ̀lọ̀mẹ̀lọ̀. Mo bọ́ọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè. Ohùn rẹ̀ dúró. Ohùn èkejì dúró. Ó dúró títí ó fi kan ẹni ìkarùn-ún, gbogbo agbolé wá dákẹ́, èèyàn ń gbọ́ bí ìrẹsì ṣe ń hó.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n rí? Ní ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ní ẹni tó bá kú láìtọ́jọ́ lè lọ máa gbé ìlú mìíràn, kó máa tajà, kó máa jẹun, bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Àkúdàáyà. Èmi náà rèé, mo ń ti ọjà òkèèrè bọ̀, eruku lójú, ẹ̀pà nínú báàgì.

Ni àga bá ṣubú, ni bàtà bá ń fò! Ẹni tó gba ọgbà gba ọgbà. Ẹ̀gbọ́n Ràṣídì nìkan ni kò sá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá, ó na apá méjèèjì dí i.

Ó ní, “Mùlíkátù, a ti ṣe gbogbo ètò rẹ. Kò sí ohun tí a jẹ ọ́. Padà síbi tí o ti ń bọ̀. Má mú Màmá lọ.”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò wá. Àṣé ohun tí wọ́n rò nìyẹn! Pé abíkú ló padà wá mú ìyá rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún, àgbàlagbà onírùngbọ̀n. Kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mo búra, ó ní òkú náà ń búra. Kí ni kí n tún ṣe? Ni mo bá ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù. Mo bú u! Mo bú u dáadáa! Mo ní orí rẹ̀ tó dà bíi ìkòkò tí ìsàlẹ̀ jò, òun ló gba pósítà gbọ́ ju àbúrò rẹ̀ lọ. Mo ní ẹran ewúrẹ́ ló ń sáré sí. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rí bíi igi orógùn, kó gbé e kúrò níwájú mi.

Ohùn kan jáde nínú yàrá. Ó tín-ín-rín bíi irun tó so lẹ́tà yẹn pọ̀.

“Ta ló ń bú èèyàn níta yẹn?”

Ẹ̀gbọ́n Ràṣídì yíjú sẹ́yìn, apá rẹ̀ ṣì dí ọ̀nà.

“Ràṣídì, jẹ́ kó wọlé. Bó bá jẹ́ òkú ni, òkú tèmi ni.”

Mo wọlé. Màmá dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó wò mí. Kò pariwo. Kò bẹ̀rù. Ó kàn ní, “Málọmọ́, ṣé o wá mú mi ni? Jẹ́ kí n mú ìborùn mi.” Ó sì ń fọwọ́ wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń lọ sọ́jà.

Gbogbo nǹkan ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ mọ̀ mí. Ìyẹn ò pa mí lẹ́rìn-ín. Títí di òní.

Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó jẹ́ kí ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Ó ní, “O gbóná.” Ó gbọ́ òórùn aṣọ mi, ó ní ẹ̀pà tútù. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ yẹn kúrò, ó sì fi gbá mi létí, pàá! Ó ní irú ìrìn àjò wo nìyẹn, ọjọ́ mẹ́jọ! Ló bá bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún. Nígbà tó dákẹ́, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ìrẹsì fídáù mi ni àwa méjèèjì jọ jẹ nínú abọ́ kan. Kí n má parọ́, wọ́n sè é dáadáa.

Nígbà tí àwọn tó sá ti padà, àgbà àlùfáà gba pósítà, ó wọ awò ojú, ó jókòó tì í bíi ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú ìyẹ̀fun. Ó pẹ́ gan-an kó tó ka ìsàlẹ̀ rẹ̀: “sí… ṣọ́ọ̀bù… tuntun… ẹ̀gbẹ́… gáréèjì.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ràṣídì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo bu omi fún un, kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n gbé e sílẹ̀.

Mo ti mú Màmá wá sọ́dọ̀ mi ní Ìlaròó. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gbọ̀n láti ìgbà yẹn, dókítà ní kò ní burú ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá ń lo oògùn rẹ̀. Bó bá ń sùn lọ́sàn-án, etí ìró mi ló máa ń dì mú. Mo máa ń jókòó síbẹ̀ títí á fi jí. Ọjà á dúró.

Mo lọ bá Káyọ̀dé jà. Ó ní, “Ìyá, mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn.” Mo dákẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan! Ó ti tẹ òmíràn fún mi, lẹ́tà róbótó, aláwọ̀ ewé, “Ìyá Ẹlẹ́pà Ti Kó Ṣọ́ọ̀bù,” fọ́tò tí mo ti ń rẹ́rìn-ín. A ti ń ṣí àwọn ti ẹlẹ́gùn-ún kúrò lára ògiri, ṣùgbọ́n ibòmíràn wà tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní èèyàn kì í ya òkú. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ò tíì gba owó mi títí di òní. Ìyá Bàṣírà ní òun ò rántí pé òun sọ nǹkan kan nípa kọ́ńgò.

Kí ni mo rí kọ́? Lẹ́tà máa ń sọ̀rọ̀ kí èèyàn tó kà á. Aṣọ ni. Èyí tó bá dára lára sàtífíkéètì lè jẹ́ aṣọ òkú lára ìwọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, tó bá ní “Ṣùgbọ́n Ìyá”, ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀, ẹ má ṣe bíi tèmi. Bí wọ́n bá sì ní ẹnìkan ti lọ, ẹ bi wọ́n ní gbangba: ó lọ síbo? Ẹnu ò ní bó.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Ṣé wọ́n ti pa yín lórí ìwé rí? Ṣé ẹ ti kọ nǹkan tí ìlú kà sódì? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí, kí n má dá nìkan jẹ́ òkú tó ń tajà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye. Mo ní kí àlùfáà dá owó fídáù padà fún Màmá, ṣebí mi ò kú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àdúrà tó ti gòkè kì í padà sílẹ̀, pé ó wà lọ́hùn-ún ní orúkọ mi, ó ń dúró dè mí, wọn ò ní gba owó òmíràn lọ́wọ́ ọmọ mi tí ọjọ́ bá pé. Mo rẹ́rìn-ín, mo dé ilé, mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó pé pérépéré, ó ń retí mi: fídáù ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.